Ìdákẹ́ Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò nínú The Other Side of Truth

The Other Side of Truth, ìtàn àròsọ tí Beverley Naidoo kọ fún ọmọdé, gba Àmì Ẹ̀yẹ Carnegie ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 2000. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n Èkó ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, láyé ìjọba ológun Abacha, kété lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún ajìjàgbara Ken Saro-Wiwa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ṣadé, ọmọ ọdún 12, ń ki ìwé bọ àpò ilé ìwé rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ figbe ta, tí ìbọn sì dún lẹ́ẹ̀mejì. Fọlárìn Ṣólàjà, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀ròyìn, ni wọ́n wá pa. Ìyàwó rẹ̀ ni ọta bá.

Wọ́n fi Ṣadé àti Fẹ́mi àbúrò rẹ̀ lé obìnrin kan lọ́wọ́ pé kó mú wọn wọ bàálù lọ sí London bí ọmọ tirẹ̀. Ní ibùdókọ̀ Victoria níbẹ̀ ni obìnrin náà pa wọ́n tì.

Ibi tí agbára ìwé yìí wà ni pé ìdákẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣadé mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu mọ́ ni: ó pe ara rẹ̀ ní Adéwálé kí ọ̀tá má baà tọ ipasẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta kò ní bi í léèrè ìdí. Ti Fẹ́mi kò ní ète kankan nínú. Ọ̀fọ̀ ló dì í lẹ́nu, kì í fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an lóhùn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó dáàbò bo bàbá ló tún fi àwọn ọmọ pa mọ́: ẹni tó bá ń wá ọmọ Ṣólàjà ní London, Adéwálé ni yóò bá. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé fipá mú Ṣadé jí láítà, ẹnu tó ti mọ́ lára láti dákẹ́ kò lè fẹjọ́ sùn.

Ilé Èkó kò hàn tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ, nínú ìró ìbọn àti nínú ère orí méjì tí wọ́n fi igi dúdú gbẹ́, Ọkọ àti Ìyàwó, tí Ṣadé dì sínú ẹrù. Ère yìí ṣiṣẹ́ ju òwe ìyá tó ń dún létí ọmọ náà ṣáá lọ. Òwe ọ̀hún pọ̀ jù níbòmíràn, Yorùbá inú wọn sì ṣọ̀wọ́n.

Àlọ́ tí bàbá pa ló sàn jù. Ìjàpá, tí Ẹkùn fẹ́ pa jẹ, tọrọ àyè díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ káàkiri, kí ẹni tó bá kọjá lè rò pé ìjà wáyé níbẹ̀.