Ọgụ àti Iri: Àyálò Tí Etí Kò Gbọ́ Nínú Ònkà Igbo

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ṣì ń kọ ọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba ònkà lẹ́nu ọmọ Igbo. Ẹ̀rí wọn kò kọjá ọjà Ogbete ní Enugu, níbi tí oníṣòwò ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá iye lé ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Owó a máa bá orúkọ rẹ̀ rìn. Láyé òyìnbó, àwa náà gba orúkọ owó bíi tọ́rọ́ àti sísì wọlé. Nígbà tí náírà dé ní ọdún 1973, pọ́n-ùn di náírà méjì, ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Yorùbá wo ló tìtorí bẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹ̀ta tàbí ẹ̀fà?

Inú ọ̀rọ̀ Igbo pọ́nńbélé ni àyálò tó jinlẹ̀ fara pamọ́ sí. Ẹ wo ogún. Ọgụ ni àwọn àgbà ń pè é. Ogójì ni ọgụ abụọ, ọgọ́ta ni ọgụ atọ, ọgọ́rùn-ún ni ọgụ ise. Bó bá di irinwó, orúkọ ọ̀tọ̀ ló ní: nnu. Ọgọ́ta tiwa náà, ogún mẹ́ta ni. (Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni wọ́n ti yá a, kó kọ́kọ́ fi atọ wé ẹ̀ta, kó fi anọ wé ẹ̀rin. Ìbátan ni wá.)

Ọmọ ilé ìwé Enugu lónìí ńkọ́? Iri abụọ ló ń pe ogún, ìyẹn ẹ̀wá méjì. Ọgọ́ta di iri isii, narị sì dúró fún ọgọ́rùn-ún. Ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀, síbẹ̀ ìṣirò inú ìwé òyìnbó ló tún gbogbo rẹ̀ tò. Ti Hausa hàn sí gbangba: ashirin, talatin, arba'in, ọwọ́ Lárúbáwá ni wọ́n ti gbà á. Àwọn Hmong ti gúúsù Ṣáínà àti Laos náà gba ọ̀rọ̀ fún ọgọ́rùn-ún àti ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ àwọn Ṣáínà aládùúgbò wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Hmong wé ti Ṣáínà á dá a mọ̀. Ti Enugu kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fi fò ó dá.

N kò bá ẹni tó gbé iri wá jà; ó rọrùn láti kọ sójú pátákó. Ohun tó ń dùn mí ni nnu. Ogún lọ́nà ogún ni. Nnu lọ́nà nnu, ìyẹn nnu nnu, sì jẹ́ 160,000. Ìṣísẹ̀ mélòó péré ló gbé ònkà yìí débẹ̀! Ìlànà tuntun fi puku, ẹgbẹ̀rún, rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún kì í ṣe ibùsọ̀ kankan lójú ọ̀nà àtijọ́: nnu méjì àti ọgụ mẹ́wàá ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka àti ní Enugu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọgụ àti nnu sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ wọ́n lò, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iri.