Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Jẹ́ Nídìí Aró

Lọ́dún tí mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ aró l'Abẹ́òkúta, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan tí gbogbo ilé gbọ́: aró òyìnbó kò ní wọ ìkòkò mi, kọ́sítíìkì kò ní kan ọwọ́ mi. Ẹ̀lú nìkan ni. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aṣọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni èmi náà yóò máa lò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣọ bá ń kán lójú, kó gba ibòmíràn lọ. Inú mi ń dùn sí ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà títí dòní, nítorí kò fi iṣẹ́ ṣeré.

Ẹ̀jẹ́ náà ni mo ṣì ń san. Ìdí tí mo fi ń san án ló ti yàtọ̀.

Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i nídìí iṣẹ́ ni mo ń rí i pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò jókòó sójú kan. Kíjìpá ni wọ́n ń rẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tẹ́rù funfun ti ilẹ̀ òyìnbó dé, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á, nítorí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ tó fún ìyẹ́ adìyẹ láti fa ilà tín-ín-rín. Láfún tí a fi ń ro ẹ̀kọ tí a fi ń yàwòrán, ara ẹ̀gẹ́ ló ti ń wá, àwọn Potogí ló sì gbé ẹ̀gẹ́ wá láti gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sára àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Wọ́n gbé ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba rẹ̀ sórí èyí tí a ń pè ní Olọ́ba nítorí júbílì ọba náà ní 1935. Àní láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn, nígbà tí àwọn aláṣẹ fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó l'Abẹ́òkúta, àwọn aláró fúnra wọn ló dìde pé kò ní ṣeé ṣe.

Kí ló wá kù tí mo fi di ẹ̀lú mú? Ìkòkò náà ni.

A ó gún ewé tútù, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn. A ó sẹ́ omi eérú lé e lórí, a ó bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Òtútù máa ń fà á sẹ́yìn. Imú ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó, àti ìfófòó ojú rẹ̀ tó ń dán bíi bàbà, àti bí omi rẹ̀ ṣe ń yọ̀ láàárín ìka. Aṣọ tí mo bá fà yọ, àwọ̀ ewé ló ń bá jáde. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò máa dúdú láti etí wá sí àárín. Màá sá a, màá tún rì í, títí yóò fi dúdú dénú. Aró òyìnbó náà ń yí láwọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n la fi ń po ìyẹn. Ti inú ìkòkò mi ń mí. Bí a bá pa á tì, yóò kú. Bí àwa díẹ̀ tó ṣẹ́kù bá sì fi í sílẹ̀, kò sí ìwé tó lè fi òórùn ìkòkò tó ti tó rẹ han ọmọ ẹnikẹ́ni.

N kò mú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Ẹ̀lú ni wọ́n á kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tó bá wu kálukú ni kó lò lẹ́yìn náà.

Ibi tí ara mi ṣì ti ń gbóná ni ọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n kó dé ọjà Ìtòkú, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Kò bá ìkòkò kankan pàdé, ìyẹ́ kò kàn án. Owó tí wọ́n ń tà á, aláró tó ti ń rì aṣọ láti ìdájí kò lè bá a dù ú. Mo máa ń ní kí oníbàárà wo ilà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí ọwọ́ fi ìyẹ́ fà kì í dọ́gba délẹ̀, níbì kan yóò wúwo, níbòmíràn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó ń ta ti ẹ̀rọ lè máa tà á lọ. Kó ṣáà pè é ní aṣọ ìtẹ̀, kó sì sọ ọ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà á.