Àyè àti Àṣẹ nínú Ètò Ubuntu

Ètò Ubuntu, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé a kì í fi owó rà á, àti nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òye lè ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá ti fẹ́. A ti yìn ín púpọ̀ lórí èyí, kò sì sí ìdí fún mi láti tún un wí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ó gbà ń pín àyè àti àṣẹ láàrin àwọn tí ń lò ó. Níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bí ó bá yẹ fún ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọ 60 lè máa pín kọ̀ǹpútà 10 lò.

Kí á tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ní 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò tí à ń pè ní Unix. Ọ̀wọ́n gógó ni kọ̀ǹpútà ní ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í pín ẹyọ kan lò. Nítorí náà ni ó fi di dandan kí ètò náà mọ ẹni tí ó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ Linux ní àwòṣe Unix. Ní 1993 ni a bẹ̀rẹ̀ Debian lórí Linux, lára Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti mú Ubuntu jáde ní 2004.

Òfin Unix kò ṣòro. Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ó mọ̀ lórí fáìlì kan: ẹni tí ó ni ín, ẹgbẹ́ tí a yàn, àti àwọn yòókù. Ohun mẹ́ta ni ó lè yọ̀ǹda fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: láti kà á, láti kọ sí i, àti láti mú un ṣiṣẹ́. A fi 4 dúró fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún mímú ṣiṣẹ́, a sì ń ro wọ́n pọ̀. Bí olùkọ́ bá fi 640 sí fáìlì ìbéèrè ìdánwò, òun fúnra rẹ̀ lè kà á, ó sì lè kọ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á nìkan. Àwọn yòókù kò lè ṣí i rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin yìí kò dè, òun ni root, èyí tí ó túmọ̀ sí gbòǹgbò.

Ubuntu ti ìlẹ̀kùn root pa. Dípò rẹ̀, ó jẹ́ kí alábòójútó fi pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ yá agbára náà lò fún ìgbà díẹ̀ nípa àṣẹ tí à ń pè ní sudo, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí 1980 ní yunifásítì kan ní Buffalo ní Amẹ́ríkà. A sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó yá a sílẹ̀. Mo yin èyí gidigidi, nítorí pé níbi tí gbogbo ènìyàn bá ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan, a kì í mọ ẹni tí ó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n àbùkù wà. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ń fi Ubuntu sínú kọ̀ǹpútà gba gbogbo agbára. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e kì í gba nǹkan kan àfi bí a bá fi fún un. A lè pín agbára sudo sí wẹ́wẹ́, kí ẹnì kan lè ṣe iṣẹ́ kan péré, ṣùgbọ́n ètò náà kì í bèèrè èyí lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé pásíwọ́ọ̀dù ẹnì kan a di ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Mo ti rí ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Sudo a sì wá di ọfọ̀ tí à ń pè ṣáájú gbogbo àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni 777, tí ó yọ̀ǹda ohun gbogbo fún ẹni gbogbo, a di oògùn gbogbo àìsàn.

Ọ̀rọ̀ àyè ni ó kàn. Ní ọ̀nà ìfipamọ́ ext4 tí Ubuntu sábà máa ń lò, a ya ìdá 5 nínú 100 sọ́tọ̀ fún root. Bí ìpín náà bá jẹ́ gígábáìtì 500, gígábáìtì 25 ni èyí. Ọgbọ́n àgbẹ̀ tí kì í jẹ iṣu èèbù ni. Bí àyè bá tán fún àwọn yòókù, alábòójútó ṣì lè wọlé láti tún un ṣe. Síbẹ̀, bí a kò bá yí i padà, ìpín kan náà ni ètò náà ń kó iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ẹrù àwọn ènìyàn sí. Bí ọmọ kan bá kó fíìmù kún un, àyè tán fún gbogbo wọn, àwọn ẹlòmíràn lè má lè wọlé sí iṣẹ́ wọn mọ́. Linux ní ọ̀nà láti fi òdiwọ̀n sí àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Ubuntu kì í lò ó àfi bí a bá ní kí ó lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé ni ewu wà. Bí dísíìkì bá kún, olùkọ́ tí ìdánwò kù sí ọ̀la yóò mú sudo, yóò sì máa pa fáìlì rẹ́. Ohun tí a fi fèrèsé fáìlì pa rẹ́ ṣì wà nínú àpò ìdọ̀tí, kò dá àyè padà. Fáìlì tí ètò kan ṣì dì mú kì í dá àyè padà títí ètò náà yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kò rí àyè, yóò tún pa sí i. Ohun tí a bá sì fi sudo àti rm pa rẹ́ kì í lọ sí àpò ìdọ̀tí. Kódà 640 kò gba fáìlì ìdánwò yẹn là, nítorí pé lórí fódà ni ìyọ̀ǹda píparẹ́ wà: ẹni tí ó bá lè kọ sínú fódà lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, àfi bí a bá fi àmì ìdáàbòbò pàtàkì sí fódà náà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àṣẹ df yóò fi hàn wá bí ìpín kọ̀ọ̀kan ti kún tó. Du yóò fi hàn wá fódà tí ó gba àyè jù. Wíwò ni kí ó ṣáájú pípa.

Ìdájọ́ mi nìyí. Òfin tí a ṣe fún ẹ̀rọ àpapọ̀ ni Ubuntu jogún, ṣùgbọ́n ó tò ó bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ àpapọ̀ ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya ìpín àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ètò. Ẹ fi òdiwọ̀n sí àyè wọn. Ẹ fún alábòójútó méjì ní agbára, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ 640 kí ẹ tó kọ́ wọn ní sudo. Ètò náà dára. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ó bá wá nìkan ni kò tó fún wa.