Àdúrà Tó Di Ẹjọ́: Ọlọ́run, Bàbá àti Ọmọ nínú Ìwé Elie Wiesel

Àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa La Nuit, ìwé tí Elie Wiesel kọ lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Auschwitz àti Buchenwald, máa ń sọ pé ìtàn ọmọ tó sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ẹni tí ìgbàgbọ́ ti tán nínú rẹ̀ kì í bá Ọlọ́run fa ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò sí, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́? Eliezer, ọmọ inú ìwé yìí, ìyẹn Wiesel fúnra rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti òru àkọ́kọ́ tó wọ Birkenau, apá kan Auschwitz. Lójú tèmi, àdúrà àwọn Júù ni Wiesel fi kọ ìwé náà, ó kàn yí ojú àdúrà padà ni. Okùn tó so ọmọ náà mọ́ Ọlọ́run àti èyí tó so ó mọ́ bàbá rẹ̀, okùn kan náà ni.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1928 ni wọ́n bí Wiesel ní Sighet, ìlú kan ní Rùmáníà tó bọ́ sọ́wọ́ Hùǹgárì ní 1940. Shlomo bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará ìlú sì máa ń wá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Talmud, ìwé òfin àwọn Júù, ni ọmọ náà ń kọ́ lọ́sàn-án. Bó bá di alẹ́, ó di sínágọ́gù, níbi tó ti máa ń sunkún bó bá ń gbàdúrà. Moishe, tálákà tó ń tọ́jú sínágọ́gù, ló ń kọ́ ọ ní ìmọ̀ awo tí bàbá rẹ̀ ní kò tíì tó kọ́. Nígbà tí ìjọba kó àwọn Júù tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ lọ, Moishe wà lára wọn. Ó yè é, ó sì padà wá ròyìn bí wọ́n ṣe yìnbọn pa àwọn tó kù sínú kòtò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní oṣù kẹta 1944, ọmọ ogun Jámánì wọ Hùǹgárì. Láti àárín oṣù karùn-ún títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nǹkan bí 440,000 Júù ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀, Auschwitz sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ.

Ẹ kíyè sí bí Wiesel ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí. Àjọ̀dún àwọn Júù ló fi ń ka ìgbà. Ọjọ́ keje Ìrékọjá, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe kúrò lóko ẹrú Íjíbítì, ni wọ́n mú àwọn àgbààgbà ìlú. Pẹ́ńtíkọ́sì kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé pé wọn yóò kó wọn lọ. Wiesel kò dúró láti ṣàlàyé. Ó gbé àjọ̀dún àti ibi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó kọjá lọ. Nígbà tí Ọdún Tuntun àwọn Júù pé ní Buna, àgọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Auschwitz tí wọ́n kó Eliezer àti bàbá rẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n péjọ sí gbàgede láti yin Ọlọ́run. Eliezer dúró láàárín wọn bí olùpẹ̀jọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, òun ló máa ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlọ́run ló jẹ̀bi lójú rẹ̀. Ọjọ́ Ètùtù tún dé, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń jiyàn bóyá kí àwọn gbààwẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó má gbà á. Eliezer mu ọbẹ̀ rẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀tẹ̀ ni òun fi ń ṣe. Ibí yìí gan-an ni èmi àti àwọn tó ń pè é ní aláìgbàgbọ́ ti yàtọ̀. Ẹni tí kò ka ọjọ́ ààwẹ̀ sí kò lè fi oúnjẹ ọjọ́ náà ṣọ̀tẹ̀. Oúnjẹ lásán ni yóò jẹ. Ọ̀tẹ̀ Eliezer kò lè dúró bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó láti òkè. Wiesel sì fi kún un pé lẹ́yìn oúnjẹ náà, ọkàn ọmọ náà ṣófo.

Àdúrà tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà ni Kaddish. Ọmọ ló ń kà á fún òbí tó kú. A kò dárúkọ ikú nínú rẹ̀ rárá. Ìyìn orúkọ Ọlọ́run ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa tí a ní ẹni ọmọ sin ló bímọ kò ní ṣàìmọ ohun tó wà nídìí irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Lóru tí wọ́n dé Birkenau, wọ́n ya ìyá Eliezer àti Tzipora àbúrò rẹ̀ sí apá kan, kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Ẹlẹ́wọ̀n kan ti sọ fún un kíákíá pé kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18, kì í ṣe 15, kí bàbá rẹ̀ sì ní òun jẹ́ 40, kì í ṣe 50. Wọ́n ń tò lọ síhà kòtò iná, wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti ń da àwọn ọmọ ọwọ́ sínú iná. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka Kaddish fún ara wọn, láàyè. Shlomo náà ń kà á lábẹ́ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbínú sí Ọlọ́run kọ́kọ́ ru nínú ọmọ rẹ̀: ìyìn tó ń jáde lẹ́nu bàbá níwájú iná ló fà á. Síbẹ̀, nígbà tó ku ìgbésẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n dé etí kòtò, ọ̀rọ̀ àdúrà kan náà ń bọ́ lẹ́nu òun náà láìfẹ́. Lẹ́yìn náà, Akiba Drumer, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ti gbà tipẹ́ pé Ọlọ́run ń dán wọn wò ni, di ẹni tí ìgbàgbọ́ tán nínú rẹ̀, wọ́n sì yàn án fún ikú. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ọ̀rẹ́ òun ka Kaddish fún òun lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ṣèlérí. Iṣẹ́ pọ̀, lílù pọ̀, wọ́n gbàgbé.

Ìtàn Rábì Eliahou, ẹlẹ́wọ̀n mìíràn, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Oṣù kìíní 1945 ni, àwọn ọmọ ogun Soviet ń sún mọ́ tòsí, àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ Násì, sì lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n jáde sínú yìnyín pé kí wọ́n máa sáré lọ sí Gleiwitz. Ẹni tó bá dúró, ìbọn ni. Níbi tí wọ́n ti sinmi, rábì arúgbó náà wọlé, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti jọ wà láti àgọ́ dé àgọ́. Eliezer ní òun kò rí i. Rábì jáde tán ló tó rántí pé òun rí i: bàbá ń tiro, ó ń rẹ̀yìn, ọmọ sì rí i, ó tún tẹsẹ̀ mọ́ eré kí àlàfo àárín wọn lè máa fẹ̀ sí i. Lójú ẹsẹ̀, àdúrà bọ́ lẹ́nu Eliezer, sí Ọlọ́run tó ní òun kò gbà gbọ́ mọ́, pé kó fún òun lágbára kí òun má ṣe bí ọmọ rábì ti ṣe. Kò tọrọ ẹ̀mí, kò tọrọ oúnjẹ. Ó ní kí òun ṣáà lè jẹ́ ọmọ fún bàbá òun.

Nígbà tí wọ́n kó wọn láti Gleiwitz dé Buchenwald, ìgbẹ́ ọ̀rìn dá Shlomo dùbúlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kìíní náà, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Ọ̀gá SS kan là á ní igi lórí. Ọmọ kò mira, ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aláìsàn mìíràn ló wà lórí ibùsùn náà. Kò sí àdúrà, kò sí àbẹ́là. Omijé kò jáde, Wiesel kò sì fi pa mọ́ pé nísàlẹ̀ ọkàn òun, ó dà bí ẹni pé ẹrù kan kúrò lórí òun. Láti ibẹ̀ dé ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, tí àgọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Násì, ojú ewé díẹ̀ ló kù, ẹjọ́ tó ń bá Ọlọ́run rò láti Birkenau sì dákẹ́ pátápátá. Ìyẹn ni mo fi ní okùn kan ni: nígbà tí bàbá kú, kò sí ẹni tí yóò tún bá Ọlọ́run jà nítorí rẹ̀.

François Mauriac, òǹkọ̀wé Kátólíìkì tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí La Nuit nígbà tó jáde ní Paris ní 1958, ka ìwé náà lọ́nà mìíràn. Ní Buna, kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, àwọn Násì so ọmọdé kan rọ̀ níwájú gbogbo àgọ́. Nítorí pé kò wúwo, ó pẹ́ kó tó kú. Ẹnìkan béèrè pé níbo ni Ọlọ́run wà, ohùn inú Eliezer sì dáhùn pé orí igi yẹn náà ni. Mauriac gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí orí àgbélébùú. Àánú ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ó gba ẹjọ́ mọ́ olùpẹ̀jọ́ lọ́wọ́. Àjíǹde kò tẹ̀lé ikú ọmọ náà ní Buna. Ẹ̀dà tí Wiesel kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lédè Yiddish ní Buenos Aires ní 1956 gùn ju ti Faransé lọ fíìfíì, ó sì gbóná jù ú lọ. Ọ̀mọ̀wé Naomi Seidman fi hàn ní 1996 pé ní ti Yiddish, ẹni tó yè náà fọ́ dígí tó rí ojú òkú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ti Faransé, wíwò nìkan ló wò ó. Mo fara mọ́ gígé tí wọ́n gé ìwé náà kúrú, nítorí gbólóhùn kúkúrú wọ̀nyẹn ló ń dun ni wọra, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ìbínú bá a lọ.

Ìbínú náà padà wá nínú eré onítàn tí Wiesel tẹ̀ jáde ní 1979, tí àwọn olédè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí The Trial of God. Ó sọ pé ní Auschwitz, òun rí àwọn rábì tó pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, tí wọ́n dá a lẹ́bi, tí wọ́n sì dìde láti gbàdúrà. Nínú eré náà, ó gbé ẹjọ́ lọ sí ìlú Shamgorod ní 1649, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn Júù ibẹ̀ tán, ó ku ẹni méjì. Onílé ọtí tí wọ́n ba ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ló pẹjọ́. Wọ́n wá agbẹjọ́rò fún Ọlọ́run títí, wọn kò rí. Àlejò kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dìde, ó ní òun yóò ṣe é, gbogbo àwíjàre tí àwọn olùfọkànsìn máa ń wí ló sì wí láìkù síbì kan. Ìgbà tí eré ń parí lọ ni wọ́n mọ̀ pé Sátánì ni.