Orúkọ Kì í Ṣe Àdírẹ́sì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka àpilẹ̀kọ tí Van Jacobson àti àwọn márùn-ún mìíràn gbé jáde ní ọdún 2009, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Networking Named Content". Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tí wọ́n bá sì ti ń jíròrò lórí orúkọ, kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá dákẹ́.

Ohun tí wọ́n ń wí kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ẹni tí ó wà níhìn-ín lè lo kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́hùn-ún. Nítorí náà, nọ́ńbà ni wọ́n fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bí àdírẹ́sì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ń rìn lójú ọ̀nà ni ó ń gbé àdírẹ́sì ẹni tí ó rán an àti ti ẹni tí a rán an sí lọ́wọ́. Lónìí, ta ni ó ń wá kọ̀ǹpútà? Ìròyìn, orin, fíìmù àti ìwé ni à ń wá. Ibi tí wọ́n wà kò kàn wá. Síbẹ̀, "níbo?" nìkan ni ìbéèrè tí ọ̀nà náà gbọ́, kò gbọ́ "kí ni?"

Jacobson kì í ṣe àjèjì tí ó ń bú ilé onílé. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dí ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1986, ó wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí i. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1988 lórí ọ̀rọ̀ náà sì di ohun mánigbàgbé. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá dúró ní Google ní ọdún 2006, tí ó ní ìpìlẹ̀ ilé náà ti tó tún wò, ó yẹ kí a fetí sí i.

Ètò tí ó dá lábàá nìyí. Ẹni tí ó ń wá nǹkan yóò pe orúkọ nǹkan náà sójú ọ̀nà. Kò ní dárúkọ kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ̀rọ tí ó wà ní oríta kìn-ín-ní yóò wo àpò ara rẹ̀. Bí ẹ̀dà nǹkan náà bá wà níbẹ̀, yóò fi jíṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí, yóò ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ìbéèrè náà ti wá, yóò sì ta á látaré sí oríta mìíràn. Bí èsì bá dé, ipasẹ̀ ìbéèrè ni yóò tọ̀ padà. Oríta kọ̀ọ̀kan sì lè fi ẹ̀dà kan pamọ́ de ẹni tí ó tún ń bọ̀. Òǹtẹ̀ ẹni tí ó ṣe nǹkan náà wà lára rẹ̀. A kì í béèrè ẹni tí ó gbé e wá mọ́. Òǹtẹ̀ ni à ń yẹ̀ wò.

Ètò yìí wù mí, mo sì ní ìdí. Ní ọdún 2005, mo kó ohùn ọdẹ àgbà kan tí mo gbà sílẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́ fún ilé-ìkówèésí kan lókè òkun, pé kí wọ́n bá mi fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fún mi ní àdírẹ́sì, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Kò pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, àdírẹ́sì náà kò sì mú ẹnikẹ́ni dé ibì kankan mọ́. Baba ọdẹ ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Ìbàdàn ti da díẹ̀ nínú ìjálá náà kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì inú ìwé mi kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Lábẹ́ ètò orúkọ, ẹni tí ó bá pe orúkọ ìjálá náà ìbá lè bá a lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń yìn wọ́n gan-an ni mo ti fẹ́ bá wọn wíjọ́. Nígbà tí ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ìjálá kan tí "Ọ̀yọ́" wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà níwájú wa! Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀nà tí a lè gbà kọ lẹ́tà bí "ọ́" sínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan á mú "ọ" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, wọn á wá fi àmì ohùn òkè lé e lórí. Àwọn mìíràn á mú "ó", wọn á wá fi àmì sí i lábẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Nínú ikùn kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni.

Nínú ètò Jacobson, orúkọ kò ní ìtumọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Bí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti yàtọ̀, orúkọ ti yàtọ̀ nìyẹn. Wọ́n lè dá mi lóhùn pé àwọn tí ó ń lo orúkọ ni kí ó fẹnu kò, àti pé òfin Unicode tí ó ń sọ irú oríṣi méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin tí kò di dandan, ẹni tí ó bá wù ú ni yóò pa á mọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní fara gbá níbẹ̀. Èdè bíi tiwa ni yóò fara gbá. Mo sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa yóò ṣe: wọn á kọ "Oyo", wọn á sì bá tiwọn lọ. Báyìí ni àmì ohùn ṣe ń kúrò lára orúkọ wa láìsí ẹni tí ó pàṣẹ.

Àléébù kejì kò gba àlàyé púpọ̀. Lóòótọ́, ìbéèrè kò gbé àdírẹ́sì ẹni tí ó béèrè. Ṣùgbọ́n àfi bí a bá fi àṣírí bo orúkọ ohun tí ó ń wá, gbogbo oríta ni yóò rí i. Ẹni tí ó ń wá ìwé nípa àìsàn ara rẹ̀ lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Títí di òní, àdírẹ́sì ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò. Láti ọdún 2010 ni Lixia Zhang ti yunifásítì UCLA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jacobson pẹ̀lú, ti ń bá iṣẹ́ ètò orúkọ yìí lọ. Nítorí pé ilé náà kò tíì parí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀: kí wọ́n fi òfin àkọtọ́ orúkọ sínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní tiwa, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó fún ọjọ́ méjì gbáko, a sì tún orúkọ gbogbo ìjálá baba náà tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́nà kan náà.