Etí Òkun Tí Kì Í Bú

Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n fi ń polówó ibi ìgbafẹ́ nílùú Èkó ní èdè tiwọn, kò sì sí ohun tó burú bí onílámèyítọ́ bá yẹ̀ wọ́n wò bí ó ti ń yẹ ìtàn àròsọ wò. Bí wọ́n bá dé orí Tarkwa Bay, ohùn kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: iyanrìn, igi àgbọn, omi tó rọlẹ̀ tí ọmọ kékeré lè wẹ̀ nínú rẹ̀ láìsí ìfòyà. N kò ní wọ́n purọ́. Èmi àti àwọn ará ilé mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, nítorí pé kò sí ọ̀nà mọ́tò tó débẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí ìgbì ti ń gbá àgbàlagbà lulẹ̀ ní àwọn etí òkun Èkó yòókù yóò mọ̀ pé àǹfààní ńlá ni kí ìyá jókòó sábẹ́ ibòòji, kí ó máa wo ọmọ rẹ̀ nínú omi tó mu ún dé orúnkún, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá omi náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àbùkù wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló tu òkun lójú níbẹ̀. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í na ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀bá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó o wá. (Òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tó ti dáàbò bo ènìyàn rí, ló wá di ààbò fún ọkọ̀ òyìnbó.) Ẹ̀yìn ògiri ti ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay sápamọ́ sí.

Òkun wa a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, iyanrìn kó jọ sí apá kan. Bar Beach tó wà ní apá kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí àwọn aládùúrà aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, níbi tí ìjọba ológun ti yìnbọn pa àwọn adigunjalè lójú ọ̀pọ̀ èrò ní 1971, iyanrìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó dà sómi ní 2009 fún ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìtura tí à ń jẹ ní etí òkun kan kò ṣàìní gbèsè tí èkejì san.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí iṣẹ́ mi ni. Yorùbá ya ọ̀sà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, ó sì fún òkun ní etí, bí ẹni pé ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ. Síbẹ̀, lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ wa kì í fẹ́ lọ sí etí yẹn. Igbó ni Fágúnwà kó àwọn ọdẹ rẹ̀ wọ̀ ní 1938, igbó náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń rìn. A ń pa á lówe pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. A ti fi ìyẹn ṣe àwáwí láti má wà á rárá. Àwa ará òkè ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí à ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Orin awakọ̀ Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja Àwórì ń lò fún omi àti ìgbì, mélòó ló wà nínú wọn? Abájọ tí ìdílé tó ti Ìbàdàn wá fi ń pe etí òkun ní bíìṣì, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún ọmọ wọn.

Ohun tó wá burú jù ni àìsí ènìyàn nínú àwọn ìwé ìpolówó náà. Àwọn tó ń ta àgbọn, àwọn tó ń yáni ní àga àti agboòrùn, àwọn tó ń wa ọkọ̀, ibẹ̀ ni ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ológun orí omi wọ ibẹ̀, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ ọ̀pá epo ni, wọ́n sì lé àwọn olùgbé tí iye wọn lé ní 4,000 jáde. Bí wákàtí kan ni ìròyìn sọ pé wọ́n fún wọn láti palẹ̀ mọ́. Ẹ ka ìwé ìpolówó tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọdún náà, kí ẹ tún ka èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Iyanrìn náà ni, àgbọn náà ni, omi tó rọlẹ̀ náà ni. Ìwé tí kò fi ènìyàn sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò yọ kúrò.

Bí àwọn ọmọ yín bá ti wẹ̀ tán, ẹ bá wọn rìn lọ sí ìdí ògiri òkúta náà. Apá ibẹ̀ ni ìgbì wà, tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dàgbà sí etí omi ń dìde dúró lórí pátákó, tí wọ́n ń gùn ún bọ̀ wá sí èbúté. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kígbe síra wọn, Yorùbá, Ẹ̀gùn àti Gẹ̀ẹ́sì ìgboro lọ́ mọ́ra wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí n kò tíì rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Iṣẹ́ oyè wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá bẹ̀rù omi. Mo ti fi lọ méjì nínú àwọn tèmi. Àwọn méjèèjì ló yan oríkì ìlú.