Àfiwé Apàmìrẹ́ nínú Ẹ̀kọ́ Jíìnì

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í pe ara wọn ní akéwì, síbẹ̀ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ohun tí ń mú kí jíìnì ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dákẹ́, wọ́n a pín àwọn púrótéènì kan sí ẹgbẹ́ mẹ́ta: àwọn tí ń kọ àmì, àwọn tí ń kà á, àti àwọn tí ń pa á rẹ́. Àfiwé yìí dùn létí, ó sì rọ olùkọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ìṣe ohun tí ó ń ṣàpèjúwe mu.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, DNA tí ó ru jíìnì wé mọ́ àwọn púrótéènì tí a ń pè ní histone, bí òwú ti í wé mọ́ ìrànwú. Ara histone ni àwọn àmì kẹ́míkà bíi methyl máa ń wà. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé àmì methyl yìí kò ṣeé pa rẹ́. Ní ọdún 2004, Yang Shi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn ti Harvard, ní Boston, fi hàn pé ẹ́ńsáìmù ènìyàn kan, LSD1, a máa pa á rẹ́. Wọ́n fi jíìnì ẹ́ńsáìmù náà sínú bakitéríà, bakitéríà sì bá wọn ṣe é. Wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ histone nínú ìgò, àmì tí wọ́n ń ṣọ́ sì pòórá. Títí dé ìhín, àfiwé náà kò purọ́.

Àléébù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé jíìnì fúnra rẹ̀ ni a pa rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Babaláwo a máa nu odù kúrò lójú ìyẹ̀rosùn, ọpọ́n a sì wà níbẹ̀. Èkejì, àfiwé náà fi ẹ́ńsáìmù hàn bí ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, ìwádìí fi hàn pé bí DNA bá wé mọ́ histone gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú sẹ́ẹ̀lì, LSD1 nìkan kò lè ṣe é. Àfi bí púrótéènì mìíràn, CoREST, bá ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ̀kẹta, ó dà bí ẹni pé ìparẹ́ àti ìdákẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọdún 2005 kan náà, àwọn olùwádìí kan ní Freiburg, ní Jámánì, kéde pé LSD1 lè pa àmì tí ó mú jíìnì dákẹ́ rẹ́, kí jíìnì náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. A ti dán àwọn oògùn tí ń dí LSD1 lọ́wọ́ wò lára àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Ẹni tí àfiwé náà bá ti kọ́ pé ẹ́ńsáìmù ń dá ṣiṣẹ́ yóò tètè gbà pé ohun tí oògùn ṣe nínú ìgò ni yóò ṣe nínú ara.

Nítorí náà, kò pọn dandan kí a sọ àfiwé náà nù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un ṣe. Bí a bá ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Yorùbá, "ẹgbẹ́ apàmìrẹ́" yóò sàn ju "apàmìrẹ́" lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi kún un, ṣùgbọ́n yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ létí láti béèrè àwọn tí ẹ́ńsáìmù náà ń bá ṣiṣẹ́, àti irú àmì tí wọ́n jọ ń pa rẹ́.